Òbí tí kò gbọ́ Faransé àti ọmọ rẹ̀ tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí gbà pé láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti gba CEP, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó sì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyẹn ilé ìwé girama, owó nìkan ni ojúṣe tó kù fún àwọn: owó ilé ìwé, owó aṣọ kákí, owó ìwé àti owó oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí mo bá bi wọ́n léèrè bí ọmọ ṣe ń ṣe sí nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún mi ni pé, “Màdáámù, Faransé ni gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀, kí ni èmi fẹ́ rí níbẹ̀?” Olùkọ́ Faransé ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba, mo sì jẹ́ ìyá ọmọbìnrin kan tó wà ní Terminale, kíláàsì àṣekágbá, lọ́wọ́lọ́wọ́. Nínú ipò méjèèjì yìí, ó ti dá mi lójú pé òbí tí kò mọ lẹ́tà kan nínú ìwé lè ṣe ohun tí èmi olùkọ́ kò lè ṣe fún ọmọ rẹ̀ láéláé.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn ará wa tó ń ka èyí láti Nàìjíríà. Ọdún 7 ni ẹ̀kọ́ girama lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀. Ọdún 4 àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti 6e, ó sì parí ní 3e, níbi tí ọmọ ti ń ṣe ìdánwò BEPC. Lẹ́yìn náà ni Seconde, Première àti Terminale, èyí tí ìdánwò BAC jẹ́ òpin rẹ̀. Orí 20 ni a ń gbé máàkì lé, moyenne (ìpíndọ́gba máàkì) tí ọmọ sì gbọ́dọ̀ ní kó tó lè sọ pé òun yege ni 10. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kan ṣoṣo ló ń bá ọmọ gbé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó mọ ìgbà tí inú rẹ̀ kò dùn, ó mọ ìgbà tí kò jẹun kó tó wá. Láti 6e lọ, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ń wọlé fún wákàtí kan tàbí méjì, ó ń kọ́ni, ó sì ń lọ sí kíláàsì mìíràn. Kò sí ẹni tó ń rí ọmọ náà pátápátá mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé àkókò yìí gan-an ni ojú òbí yẹ kó túbọ̀ wà lára ọmọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé e kúrò.

Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Nancy Hill àti Diana Tyson, kó àbájáde 50 ìwádìí jọ lórí bí àwọn òbí ṣe ń kópa nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìgbà ọ̀dọ́. Ohun tó bá àṣeyọrí ọmọ rìn jù lọ ni pé kí òbí máa bá a sọ̀rọ̀ nípa ìwúlò ẹ̀kọ́, kí ó jẹ́ kí ọmọ mọ ohun tí òun ń retí lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó so ẹ̀kọ́ òní mọ́ ohun tí ọmọ fẹ́ dà lọ́la, kí ó sì bá a ṣètò bí yóò ṣe dé ibẹ̀. Ríran ọmọ lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ àṣetiléwá kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀ rárá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe ìwádìí wọ̀nyí, mi ò sì ní sọ pé bí nǹkan ṣe rí níbẹ̀ ló rí ní Kétu, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí mò ń rí nínú kíláàsì mi mu, ó sì yẹ kó fi òbí tí kò gbọ́ Faransé lọ́kàn balẹ̀, nítorí pé kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyẹn tí a kò lè fi èdè wa ṣe.

Igbe “Lọ kàwé rẹ!” láti ẹnu ọ̀nà kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ di nọ́ọ̀sì, kí bàbá rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ irú ìdánwò tí nọ́ọ̀sì máa ń ṣe àti irú ẹ̀kọ́ tó gbọ́dọ̀ dára nínú rẹ̀. Bí ọmọ kò bá mọ̀, kí àwọn méjèèjì jọ lọ bá ìbátan tàbí ará àdúgbò kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n bi í. Ìbẹ̀wò kan péré bẹ́ẹ̀ lè mú kí ọmọ máa wo ìwé SVT rẹ̀ (ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti ilẹ̀ ayé) lọ́nà mìíràn. Mo tún ń rọ àwọn ìyá pé kí wọ́n máa sọ fún ọmọ ní alẹ́ pé, “Pa ìwé yẹn dé, kí o ṣàlàyé ohun tí ẹ kọ́ lónìí fún mi ní èdè wa.” Ọmọ tó bá lè fi Yorùbá ṣàlàyé bí ewé ṣe ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ fún igi, fún ìyá tó ti ń ro oko láti kékeré, ti mọ ẹ̀kọ́ náà, èyí tó bá ń wá ọ̀rọ̀ káàkiri kò tíì mọ̀ ọ́n, ìyá yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbìyànjú láti rántí ohun tí wọ́n kà láì wo ìwé rántí ju àwọn tó kàn ń tún un kà lọ. Ohun tí ìyá yìí ń mú ọmọ rẹ̀ ṣe níbi tó jókòó sí tó ń ṣa ẹ̀wà nìyẹn. Èmi tí mò ń fi Faransé jẹun ni mo ń sọ ọ́: mi ò fara mọ́ àwọn òbí tó ń fòfin de Yorùbá nínú ilé kí Faransé ọmọ lè dán mọ́rán. Èdè tí òbí lè fi ronú jinlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ni kó máa bá a sọ.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń jẹ mí lọ́kàn jù ni àwọn ọmọ tó ń ti abúlé wá. Láti agbègbè Ìdìgny, Adakplamè, Kpankou àti Okpométa, àwọn òbí máa ń gba yàrá fún ọmọ ọdún 14 tàbí 15 nínú ìlú Kétu, wọ́n á gbé àpò gàárì àti àgbàdo tẹ̀lé e, wọ́n á sì padà sí oko. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ yìí ló ń pọnmi, tó ń se oúnjẹ, tó ń pinnu ìgbà tí yóò sùn àti ẹni tí yóò wọ yàrá rẹ̀. Ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ ti ki, a sì máa ń rò pé ó ti dàgbà. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Onílé kò tó alágbàtọ́, nítorí pé owó ilé ni tirẹ̀. Kí òbí wá àgbàlagbà kan tí yóò máa fojú kan ọmọ náà lójoojúmọ́, kí ó mú àgbàlagbà náà wá sí ilé ìwé, kí ó sì fi nọ́ńbà fóònù ẹni náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kí a lè mọ ẹni tí a ó pè bí ọmọ bá pa kíláàsì jẹ. Bí owó oúnjẹ bá jẹ́ ti oṣù kan, ó sàn kí wọ́n máa fún un díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, nítorí pé mo ti rí àwọn tí owó wọn tán ní ọjọ́ kẹwàá, tí wọ́n sì ń wọ kíláàsì pẹ̀lú ebi títí oṣù fi parí. Kí òbí sì máa wá lọ́jọ́ tí ọmọ kò retí rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ọjà nìkan.

Ọ̀rọ̀ oko náà ń bẹ. Oṣù kẹfà ni BEPC àti BAC sábà máa ń bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ sì ni òjò àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin títí wọ oṣù keje. Ìgbà tí a ń gbin àgbàdo tí a sì ń ro ó ni ọmọ yẹ kó máa ṣe àtúnkà ohun tó kọ́ láti oṣù kẹsàn-án. Mi ò sọ pé kí ọmọ àgbẹ̀ má lọ sí oko. Iṣẹ́ ń kọ́ni ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà ní 3e tàbí Terminale yẹ kó ṣe ìpín tirẹ̀ nígbà ìsinmi Ọdún Àjíǹde, kí oṣù karùn-ún sì jẹ́ ti ìwé rẹ̀. Bí ìdílé bá jókòó sọ ọ́ láti oṣù kejì, wọ́n lè wá ẹni tí yóò bá wọn ro; bí wọn kò bá sọ ọ́, ọmọ ni yóò san gbèsè náà.

Ti àwọn ọmọbìnrin tún wúwo ju èyí lọ. Ìjọba ti mú owó ilé ìwé kúrò lọ́rùn wọn ní ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba, mo sì dúpẹ́ fún un nítorí mo rí àwọn tó tipa bẹ́ẹ̀ dúró. Síbẹ̀, ọmọbìnrin tó pọnmi kó tó wá ní àárọ̀, tó lọ bá ìyá rẹ̀ lọ́jà ní ìrọ̀lẹ́, tó se oúnjẹ alẹ́, tó sì fọ abọ́, kò lè ṣí ìwé ṣáájú aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ka tirẹ̀ tán tó sì wà níta pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́. Kí a pín iṣẹ́ ilé fún tọkùnrin tobìnrin. Owó tí ìjọba dá padà fún wa kò lè ra wákàtí méjì tí a gbà lọ́wọ́ ọmọ náà lálaalẹ́.

Oorun pẹ̀lú: àwọn onímọ̀ ìṣègùn gbà pé ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ara wọn ní ọjọ́ orí yìí kì í tètè fẹ́ sùn lálẹ́. Kí fóònù má ṣe bá wọn wọ yàrá. Ìyẹn tó.

Nígbà tí bulletin, ìyẹn ìwé èsì máàkì ọmọ, bá jáde, ẹ má ṣe wo moyenne nìkan. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní coefficient tirẹ̀, èyí tí a fi ń sọ máàkì di púpọ̀ kí a tó pín in. Bí ọmọ bá gba 14 nínú ẹ̀kọ́ tí coefficient rẹ̀ jẹ́ 1, tó sì gba 8 nínú èyí tí coefficient rẹ̀ jẹ́ 4, 14 àti 32 ló ní, ìyẹn 46. Bí a bá pín in sí 5, ìyẹn àpapọ̀ coefficient 1 àti 4, yóò jẹ́ 9.20, kò tó 10, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 14 yẹn dùn ún wò. Ìṣírò ọjà ni èyí, kò sí ìyálọ́jà kan ní Kétu tí kò lè ṣe é bí ẹnì kan bá ka nọ́ńbà náà fún un. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ kà á, kí ó sì sọ ibi tí ìpalára ti wá. Kí a tó sáré lọ san owó TD (ẹ̀kọ́ àfikún) lé TD, ó yẹ kí a mọ ẹ̀kọ́ tí ó nílò rẹ̀.

Bulletin yìí kan náà ni a ó fi ṣe ìpinnu tó le jù, ìyẹn yíyan série, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ọmọ yóò tẹ̀ lé, lẹ́yìn BEPC. Série A wà fún èdè àti lítíréṣọ̀, B wà fún ètò ọrọ̀ ajé àti àwùjọ, C wà fún ìṣirò àti físíìsì, D sì wà fún ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Àwọn ilé ìwé iṣẹ́ ọwọ́ àti ti okòwò náà ní tiwọn. Àwọn bàbá kan wà tí wọ́n gbà pé ọmọ tí kò bá lọ sí C tàbí D kò ní làákàyè. Mo ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi èrò yẹn sílẹ̀. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ tí Faransé wọn mọ́ gaara, tí wọ́n ń kọ àròkọ tí olùkọ́ fẹ́ kà lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì lo ọdún mẹ́ta nínú D pẹ̀lú 6 àti 7 nínú ìṣirò, nítorí pé ilé ti pinnu fún wọn. Kí a gbé bulletin 4e àti 3e kalẹ̀, kí a wo ibi tí ọmọ ti lágbára fún ọdún méjì, kí a bi professeur principal, olùkọ́ tó ń bójú tó kíláàsì rẹ̀, kí a sì gbọ́ ti ẹnu ọmọ kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù.

Bí èsì ìdánwò bá jáde tí orúkọ ọmọ kò sí níbẹ̀, mo bẹ yín, ẹ má nà án, ẹ má sì fi ọmọ aládùúgbò bú u lọ́jọ́ náà. Àsìkò yẹn ni títa bẹntiróòlù ní ẹ̀bá ọ̀nà àti iṣẹ́ zémidjan (ọ̀kadà) máa ń dà bí ọ̀nà àbáyọ lójú rẹ̀, ọ̀pọ̀ tó sì gba ibẹ̀ lọ ní oṣù keje ni kò padà sí kíláàsì mọ́. Ẹ gba ìwé máàkì rẹ̀, kí ẹ mú un wá bá wa kí àwọn olùkọ́ tó tú ká fún ìsinmi, kí a lè fi hàn yín bóyá ẹ̀kọ́ kan tàbí méjì ló fà á sẹ́yìn, bóyá kó tún kíláàsì ṣe tàbí kó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò gẹ́gẹ́ bí candidat libre (ẹni tó ń ṣe ìdánwò láì sí ní ilé ìwé), àti ohun tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti oṣù kẹjọ.