Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ bi nígbà tí ẹ̀sùn kan àwọn olórí Ìjọ

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2018, àbúrò kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Lẹ́tà náà gùn tó ojú ìwé 11. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Carlo Maria Viganò, ẹni tí ó ti ṣe aṣojú Póòpù ní Amẹ́ríkà rí, ni ó kọ ọ́, ó sì fi ẹ̀sùn kan Póòpù Francis pé ó mọ̀ nípa ìwà ìṣekúṣe Theodore McCarrick, tí ó ti jẹ́ kádínà, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ sí i. Àbúrò mi béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ka èyí?" Èsì tí mo fún un ni, "Ta ló kọ ọ́?" Ó tún kọ̀wé padà pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo ní ṣé ẹ ti kà á ni." N kò tíì ka ìlà kan níbẹ̀, mo sì ti ń wá àléébù ẹni tí ó kọ ọ́.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè tí mo bi yẹn kò ti kúrò lọ́kàn mi, nítorí mo rí i pé òun ni ọ̀pọ̀ nínú àwa Kátólíìkì máa ń kọ́kọ́ bi. Bí ìròyìn bá dé pé bíṣọ́ọ̀bù kan gbọ́ pé àlùfáà kan ń ba àwọn ọmọdé jẹ́, tí ó sì kàn gbé àlùfáà náà kúrò ní ìjọ kan lọ sí òmíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, a ó bi pé ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀, ìwé ìròyìn wo ni ó gbé e jáde, apá wo ni ó ń ṣe nínú ìjà tí ó wà láàrin wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe sí lẹ́tà Viganò. Àwọn tí wọn kò fẹ́ràn Póòpù Francis gbà á gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ (mo wà lára wọn) sì jù ú nù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ní sùúrù láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Vatican gbé ìwádìí rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ McCarrick jáde. Ó lé ní 400 ojú ìwé, mo sì kà á díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tí mo bá níbẹ̀ kò gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kankan. Póòpù John Paul Kejì ni ó fi McCarrick jẹ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Washington ní ọdún 2000, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Kádínà John O'Connor ti New York ti kọ̀wé ní ọdún tí ó ṣáájú láti kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe gbé e ga sí i. Wọ́n bi bíṣọ́ọ̀bù 4 léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀. Ìwádìí náà sọ pé 3 nínú wọn fún Vatican ní èsì tí kò pé, tí kò sì tọ́. McCarrick fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé Póòpù pé òun kò bá ẹnikẹ́ni lò pọ̀ rí, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Nígbà Póòpù Benedict, wọ́n ní kí ó fara balẹ̀, kí ó dín ìrìnàjò kù, ṣùgbọ́n wọn kò fi òfin dè é. Viganò tí ó fẹ̀sùn kan ẹlòmíràn náà kò bọ́ níbẹ̀: ìwádìí náà sọ pé wọ́n rán an ní ọdún 2012 pé kí ó tọ pinpin ẹ̀sùn tí àlùfáà kan fi kan McCarrick, kò sì ṣe é bí wọ́n ti ní kí ó ṣe é. Ní ti Póòpù Francis, ó rò pé àwọn tí ó ṣáájú òun ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kò sì tún un gbé wò títí ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí ó kan ọmọdé fi dé ní ọdún 2017. Ní oṣù Kejì ọdún 2019 ni wọ́n gba oyè àlùfáà lọ́wọ́ McCarrick pátápátá.

Ẹ wo iye ọwọ́ tí ọ̀rọ̀ náà gbà kọjá. Kí n tó kà á, mo máa ń rò pé bíbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ túmọ̀ sí pé àwọn kan jókòó sí yàrá kan, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì gbìmọ̀ ìkà. Ohun tí mo rí yàtọ̀. Ẹnìkan sọ ìdajì ohun tí ó mọ̀. Ẹlòmíràn gba ọ̀rẹ́ gbọ́ nítorí pé ọ̀rẹ́ ni. Ẹlòmíràn rò pé àwọn tí ó wà lókè ti mọ̀, àwọn tí ó wà lókè náà sì rò pé bí ohun kan bá wà níbẹ̀, àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ yóò ti sọ. Irú ìdákẹ́jẹ́ yìí ni èmi náà ń dá kún bí mo bá bi pé "Ta ló kọ ọ́?" tí mo sì dúró síbẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó yé mi jù lọ ni ti ìlú Osorno ní orílẹ̀-èdè Chile. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, Póòpù Francis fi Juan Barros jẹ bíṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Àwọn kan tí àlùfáà Fernando Karadima ti bà jẹ́ nígbà èwe wọn sọ pé Barros wà níbẹ̀, ó rí i, kò sì sọ nǹkan kan; Barros ní òun kò mọ ohunkóhun. Vatican ti dá Karadima lẹ́bi ní ọdún 2011, nítorí náà ìbéèrè wọn kì í ṣe bóyá ìwà náà ṣẹlẹ̀; ẹni tí ó mọ̀ tí ó dákẹ́ ni wọ́n ń wá. Ní ọjọ́ tí Barros gba ipò rẹ̀ nínú oṣù Kẹta, àwọn ọmọ ìjọ wọ aṣọ dúdú wọ inú kàtídírà, wọ́n gbé àkọlé dání, ariwo wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ohùn Mísà mọ́lẹ̀. Kì í ṣe ọ̀tá Ìjọ ni wọ́n. Wọ́n gba ìrìbọmi níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gba Ara Olúwa. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ̀rọ ká ohùn Póòpù sílẹ̀ níbi tí ó ti ń sọ fún àwọn àlejò pé ìwà òmùgọ̀ ni ó ń kó ìyà jẹ àwọn ará Osorno, pé àwọn olóṣèlú apá òsì ni ó ń darí wọn kiri. Kí ni Póòpù ń sọ níbẹ̀ bí kò ṣe "Ta ló kọ ọ́?" tèmi?

Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà, Marie Collins, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí àlùfáà ti bà jẹ́ ní kékeré, tí Póòpù sì ti yàn sínú ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ààbò fún àwọn ọmọdé, fi lẹ́tà olójú ìwé 8 lé Kádínà Seán O'Malley, olórí ìgbìmọ̀ náà, lọ́wọ́ kí ó bá wọn gbé e fún Póòpù. Juan Carlos Cruz, ọ̀kan nínú àwọn tí Karadima bà jẹ́, ni ó kọ lẹ́tà náà. Wọ́n tilẹ̀ ya fọ́tò bí lẹ́tà náà ṣe ń kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Síbẹ̀, nígbà tí Póòpù dé Chile ní oṣù Kìíní ọdún 2018 tí oníròyìn bi í nípa Barros, ó ní ẹ̀rí kankan kò sí, pé ìbanijẹ́ lásán ni gbogbo rẹ̀. O'Malley, kádínà tirẹ̀ gan-an, jáde ní gbangba láti sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn yóò dun àwọn tí wọ́n ti hu ìwà náà sí gidigidi. Póòpù rán Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Charles Scicluna lọ gbọ́ tẹnu wọn, Scicluna sì padà pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tí ó lé ní 2,300 ojú ìwé. Nínú oṣù Kẹrin, Póòpù Francis, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kọ̀wé pé òun ṣe àṣìṣe ńlá, ó pe mẹ́ta nínú wọn wá sí ilé tí ó ń gbé, ó sì tọrọ àforíjì lójúkojú. Ní oṣù Karùn-ún, gbogbo bíṣọ́ọ̀bù Chile kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ kí Póòpù lè mú ẹni tí yóò mú. Ti Barros wà lára àwọn tí Póòpù kọ́kọ́ gbà.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni àwọn ará Osorno fi ta kú sínú Ìjọ wọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé àlébù ńlá ni kí ọmọ ìjọ máa pariwo sí bíṣọ́ọ̀bù nínú kàtídírà. Èmi náà kò ní lè ṣe é, ojú yóò tì mí. Ṣùgbọ́n òfin Ìjọ fúnra rẹ̀, ní ẹsẹ 212, sọ pé àwọn olùgbàgbọ́ ní ẹ̀tọ́, àti pé nígbà mìíràn ó tilẹ̀ jẹ́ ojúṣe wọn, láti sọ èrò wọn fún àwọn olùṣọ́ àgùntàn wọn lórí ohun tí ó kan ire Ìjọ. Pọ́ọ̀lù náà ta ko Pétérù lójúkojú ní Áńtíókù, Pétérù kò sì torí bẹ́ẹ̀ dẹ́kun láti jẹ́ Pétérù.

Àwáwí tí mo máa ń gbọ́ pọ̀. Wọ́n ní irú ìwà bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìwé, ó wà nínú ìdílé, ó wà nínú àwọn ìjọ mìíràn. Òótọ́ ni, kò sì gba ọmọ kan ṣoṣo là. Wọ́n ní àwọn oníròyìn kórìíra wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ sọ nìyí ní oṣù Kìíní ọdún 2002 nígbà tí ìwé ìròyìn Boston Globe bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ àlùfáà John Geoghan, tí ó ba àwọn ọmọdé jẹ́, síta, ṣùgbọ́n ìwé tí àwọn olórí díósísì Boston (agbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ń ṣàkóso) fọwọ́ ara wọn kọ ni ó fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń gbé e láti ìjọ dé ìjọ. Kí ọdún náà tó parí, Kádínà Bernard Law, olórí díósísì náà, ti fi ipò sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ inú ìwé wọ̀nyẹn sílẹ̀ tí ó ń bá oníròyìn jà, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá. Wọ́n tún ní a gbọ́dọ̀ dáàbò bo orúkọ Ìjọ. Ìwádìí ìjọba ilẹ̀ Ireland lórí díósísì Dublin, tí ó jáde ní ọdún 2009, sọ pé ohun tí ó jẹ àwọn olórí ibẹ̀ lógún ni àṣírí, orúkọ Ìjọ àti dúkìá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọdé kò sí níwájú.

Ṣùgbọ́n agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993, ọkùnrin kan fi ẹ̀sùn kan Kádínà Joseph Bernardin ti Chicago pé ó bá òun ṣèṣekúṣe nígbà èwe òun. Bernardin ti gbé ètò kalẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú pé kí wọ́n máa yẹ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ wò. Ó ní kí wọ́n lo ètò náà fún òun pẹ̀lú. Ó jókòó níwájú àwọn oníròyìn, ó dá wọn lóhùn, kò sì bú ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn án. Nígbà tí ó di oṣù Kejì ọdún 1994, ọkùnrin náà fa ẹ̀sùn rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní òun kò lè gbára lé ohun tí òun rò pé òun rántí. Kí ọdún náà tó parí, Bernardin lọ bá a, wọ́n jọ gbàdúrà, wọ́n sì jọ ṣe Mísà. Bí mo bá ń wá olórí tí ó mọ bí a ṣe ń dúró lábẹ́ ẹ̀sùn, òun ni mo máa ń rántí.

Ti Kádínà George Pell lọ́jú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì rò pé ó yẹ kí á fara balẹ̀ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní Ọsirélíà dá a lẹ́bi ní ọdún 2018 pé ó ba ọmọdé jẹ́, ó sì lé ní ọdún kan lẹ́wọ̀n kí àwọn adájọ́ 7 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tó fẹnu kò ní oṣù Kẹrin ọdún 2020 láti dá a sílẹ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ìwé mìíràn jáde, níbi tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba ti pinnu pé láti àwọn ọdún 1970 ni ó ti mọ̀ pé àwọn àlùfáà kan ń ba ọmọdé jẹ́. Pell ní ẹ̀rí kò ti èyí lẹ́yìn. Ẹ̀sùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ó pariwo pé ilé ẹjọ́ ti dá a sílẹ̀, kí á pa ìwé kejì dé, kò ṣe ìdájọ́ òdodo; ẹni tí ó sì ń fi ìwé kejì dá a lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ tí ilé ẹjọ́ ti parí kò ṣe é pẹ̀lú.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń dàpọ̀, ìyẹn àṣírí ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àlùfáà kò gbọ́dọ̀ tú ohun tí ó gbọ́ níbi ìjẹ́wọ́, èmi kò sì sọ pé kí ó tú u. Ṣùgbọ́n lẹ́tà òbí kan tí ó wà lórí tábìlì bíṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, Póòpù Francis mú òfin àṣírí Vatican kúrò lórí ẹjọ́ àwọn àlùfáà tí ó ba ọmọdé jẹ́, kí àwọn aláṣẹ ìjọba lè rí ìwé tí wọ́n bá béèrè. Òfin tí ó ti kọ́kọ́ gbé jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún náà sọ ọ́ di dandan fún àlùfáà àti àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn láti fi ohun tí wọ́n bá mọ̀ sùn. Ó ka bíṣọ́ọ̀bù tí ó bá dí ìwádìí lọ́wọ́ mọ́ àwọn tí a lè fi ẹ̀sùn kàn. Ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tí ó fẹjọ́ sùn pé kí ó pa ẹnu mọ́. Díósísì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní ibi tí ẹnikẹ́ni lè mú ẹ̀sùn lọ.

Ìlà tí ó kẹ́yìn yìí ni ó mú mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọ wa lẹ́yìn Mísà ní ọjọ́ Àìkú kan. Mo bi akọ̀wé pé bí òbí kan bá ní ẹ̀sùn, ta ni kí ó lọ bá, nọ́ńbà wo ni kí ó pè. Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó tú dúróò, ó yẹ ìwé ìléwọ́ ọdún náà wò, ó ní òun kò rí i, òun yóò bi Fadá. Èmi àti àbúrò tí ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi ní ọdún 2018 jọ padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, a tún lọ lọ́sẹ̀ kẹta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, a bá bébà kékeré kan lára pátákó ìkéde, lábẹ́ àkókò ìjẹ́wọ́: orúkọ obìnrin kan àti nọ́ńbà méjì. Àbúrò mi yọ fóònù rẹ̀, ó sì pe èyí àkọ́kọ́ láti mọ̀ bóyá ó ń lọ.