T-72B, apá kẹjọ: ìyẹ́ mísáìlì dúró níkẹyìn

Agogo méjìlá òru ti kọjá, ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún gúlù, àmọ́ inú mi dùn débi pé n kò lè sùn láìkọ èyí.

Àwòṣe kékeré ti táǹkì ogun T-72B ni mò ń tò. Ẹsẹ̀ táǹkì àti ṣéènì rẹ̀ ti parí. Ọ̀dà àkọ́kọ́ ti gbẹ lára ilé ìbọn. Awò 1K13 tí mo fi ike pẹlẹbẹ ṣe ti wà lápá òsì, níwájú ìdérí ayinbọn. Awò TPN-3 tó bá àpótí wá ni mo yọ kúrò. T-72B1, ẹ̀yà mìíràn, ni ìyẹn bá mu, B1 kì í sì í yin mísáìlì. Inú 1K13 ni ìtànṣán lésà ti ń jáde. Láìsí i, mísáìlì mi ò ní ohun tí yóò tọ̀.

Ó wá ku mísáìlì fúnra rẹ̀, 9M119 ti ètò Svir, tí táǹkì ń yìn láti inú ìbọn rẹ̀. Ojúlówó rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 125, ó sì gùn tó nǹkan bí 690. Ní ìwọ̀n 1/35, ó di 3.6 ní fífẹ̀ àti bíi 20 ní gígùn, kò ju oríkèé ìka kan lọ. Ara rẹ̀ kò le, ọ̀pá ike ni. Ìyẹ́ ìdí rẹ̀ ló fẹ́ pa mí. Agolo ẹlẹ́rìndòdò ni mo fi abẹ gé, tí mo fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, gbogbo wọn já. Lálẹ́ Ẹtì, wọ́n lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, gúlù sì hu funfun sára wọn. Bí mo ṣe ní kí n fi sánpépà fọwọ́ kan án, méjì tún bọ́. Etí agolo tín-ín-rín jù. Gúlù ò rí ibi dì mú.

Lálẹ́ òní, mo wé bébà tí mo fàlà sí mọ́ ọ̀pá náà, mo fi ayùn tín-ín-rín la ojú ilà kọ̀ọ̀kan, mo wá ki ẹsẹ̀ ìyẹ́ bọ inú rẹ̀ kí n tó fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kan gúlù sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín wọn. Nígbà tí mo gbé e sójú iná tí mo wò ó láti ìdí, àlàfo àárín wọn dọ́gba.

Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni mo fi rí àṣìṣe mìíràn: mísáìlì náà kò wọ ọ̀pá ìbọn onírin tí mo rà lọ́tọ̀. Mo wọn ẹnu ìbọn náà, 3.3 ni. Ìbọn 115 ti T-62 ni ẹni tó tà á fi ránṣẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, T-72 ni wọ́n sì kọ sára ọ̀rá rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wọn tiyín kí ẹ tó ju ọ̀pá inú àpótí nù.

Tẹ́lẹ̀, mo ní màá fi wáyà gbé mísáìlì náà sókè bí ẹni pé ó ń fò. Mo ti yí èrò padà. Ẹ̀yìn mísáìlì náà ni ojú tó fi ń rí lésà wà. Mísáìlì LAHAT ti Ísírẹ́lì ń lépa lésà tó ta padà lára ohun tí wọ́n fẹ́ bà, ṣùgbọ́n Svir ń wo ẹ̀yìn, sọ́dọ̀ táǹkì tó yìn ín, ó sì ń rìn nínú ìtànṣán náà títí dé 4,000 mítà. Mo ti lu ihò síbẹ̀, mo ti kán ọ̀dà èékánná tí kò láwọ̀ sí i, ó dán bíi gíláàsì. Ibẹ̀ gan-an ni wáyà ì bá gbà wọlé. N kò lè gún un lójú.

Eruku òwú tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣéènì, bí ẹni pé táǹkì ń sáré, náà yóò kúrò. T-72B ní láti dúró kó tó yin Svir. Mísáìlì Refleks ti àwọn táǹkì T-80U àti T-90 ni wọ́n ń yìn lórí ìrìn. Mísáìlì yóò wà lórí ìjókòó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, pẹ̀lú ẹ̀tù ìtìjáde rẹ̀ tó máa ń dá wà lọ́tọ̀. Ẹ̀tù yẹn ni mo máa gbẹ́ lọ́jọ́ Àìkú.

Ní báyìí, mo ti da ife bò ó kí eruku má bàa bà lé ojú rẹ̀.