Fáníìṣì Àga Kọ́ Ni Ọkọ̀ Ojú Omi Ń Fẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá mi tẹ́ ẹ ń fi pákó ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí lórí ọkọ̀ ojú omi kan tí mo kàn ní Kugbo. Iṣẹ́ àga àti ibùsùn ni mo mọ̀ jù. Bàbá kan, ará Ẹ̀pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì sí Abuja níbí, ló ní kí n kan ọkọ̀ kékeré tí àwọn á máa tù lórí adágún Jabi.

Ọ̀gànwó ni mo fi kàn án. Àwọ̀ pákó náà wù mí débi pé n kò fẹ́ kí ọ̀dà bò ó. Mo bá gbé fáníìṣì tí mo máa ń lò fún tábìlì, mo kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dán bíi dígí. Bàbá súre fún mi títí.

Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n pè mí. Bàbá ki èékánná bọ etí ọkọ̀, wọ́n fà á, fáníìṣì bó lọ́wọ́ wọn bí ìpẹ́ ẹja. Pákó abẹ́ rẹ̀ ti dúdú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ." Ojú tì mí gan-an.

Fáníìṣì inú ilé ti le jù. Pákó ọkọ̀ kì í dúró sójú kan: omi á mú un wú, ọyẹ́ á mú un súnkì. Ohun tí kò bá lè bá a nà, ńṣe ló máa là, omi á sì gba ibẹ̀ wọlé. Oòrùn tiẹ̀ tún burú ju omi lọ. Á gba inú fáníìṣì tó mọ́ gaara kọjá, á lọ jẹ ojú pákó, fáníìṣì ò sì ní rí nǹkan dì mú mọ́.

Spar varnish, ìyẹn fáníìṣì ọkọ̀ ojú omi, ló yẹ kí n rà. Epo pọ̀ nínú rẹ̀, kì í le gbagidi, èyí tó dára sì ní èròjà tó ń dènà oòrùn. Ẹ ka ara agolo dáadáa. Bí ẹ kò bá rí UV (ìtànṣán oòrùn tó ń ba pákó jẹ́) níbẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. N kò rí i rà ní ọjà Dei-Dei, Èkó ni àbúrò mi ti fi ránṣẹ́. Epoxy, ìyẹn gúlù tí wọ́n ń po méjì pọ̀ kó tó le, ńkọ́? Ó ń dí omi, àmọ́ oòrùn ń bà á jẹ́, fáníìṣì yìí náà lẹ ṣì máa kùn lé e.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lèmi àti ọmọṣẹ́ mi fi ha ti àkọ́kọ́ kúrò. Mo fi tínà la ìpele kìíní, ìdajì sí ìdajì, kó lè wọnú pákó. Ẹnu pákó, níbi tí ayùn gbà, ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù, torí ibẹ̀ gan-an lomi ti wọ ọkọ̀ bàbá. Ihò wẹ́wẹ́ ibẹ̀ ń fa omi bíi sítírọ́ọ̀. Mo kùn ún, ó mu ún; mo tún kùn ún, ó tún mu ún. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló tó dúró lójú pákó, tó ń dán.

Ara ọkọ̀ tó kù gba ìpele méje, ọjọ́ kan láàárín ìpele kan sí èkejì, mo sì ń fi sáńpépà 320 ra á fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Ẹ má kùn ún lójú oòrùn, á hó. Lásìkò ọyẹ́, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kí eruku má baà fò. Tó bá jẹ́ ìrókò, ẹ kọ́kọ́ fi tínà nù ún, torí oje rẹ̀ kì í jẹ́ kí fáníìṣì tètè gbẹ.

Lọ́dọọdún, kí ọyẹ́ tó wọlé, mo máa ń lọ kun ìpele méjì sí i, n kì í dúró dìgbà tó bá bó. Lóṣù tó kọjá, bàbá tún ki èékánná bọ etí ọkọ̀ náà, wọ́n fà á. Kò bó.