Wàrà kíkan inú kúlà: àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta

Ọjọ́ kìíní

Ìwé lábù ló dá ọ̀ràn yìí sílẹ̀. Kólẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù mi, ìyẹn irú ọ̀rá kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 232, wọ́n sì fi báírò pupa fàlà sí i nídìí, nítorí pé kò yẹ kó kọjá 200. Dókítà ní kí n jáwọ́ nínú ẹran díndín, kí n máa rìn, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Wọn ò dárúkọ wàrà kíkan, ìyẹn yógọ́ọ̀tì, rárá. Èmi ni mo fi tèmi kún un, torí ọwọ́ mi kì í lè dilẹ̀. Ọṣẹ dúdú ni mo fi dára yá lọ́dún tó kọjá.

Ìtàn àwọn Màsáì ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà ló gbé mi dédìí ẹ̀. Lọ́dún 1974, George Mann àti Anne Spoerry gbé ìwádìí kan jáde lórí ọkùnrin Màsáì 24. Èròjà mìíràn ni wọ́n fẹ́ dán wò, ṣùgbọ́n wàrà kíkan ni àwọn ọkùnrin náà ń mu lámuyíràá. Wọ́n sanra sí i, síbẹ̀ kólẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹta

Ó bàjẹ́. Mo po mílíìkì lúbúlúbú ife kan mọ́ omi ife mẹ́rin, mo gbé e kaná títí ó fi fẹ́ máa hó, mo sọ̀ ọ́, mo bu ṣíbí yógọ́ọ̀tì méjì sí i, mo dé e mọ́ inú kúlà oúnjẹ. (Kúlà kì í béèrè iná mànàmáná, ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn.) Nígbà tílẹ̀ mọ́, mílíìkì ṣì ni mílíìkì. Ìwàǹwára ló fà á: ó ṣì gbóná janjan nígbà tí mo da irúgbìn, ìyẹn ṣíbí yógọ́ọ̀tì méjì yẹn, sí i, mo sì se gbogbo bakitéríà ibẹ̀ kú.

Ọjọ́ kẹfà

Ó tún bàjẹ́, ọ̀tọ̀ sì lohun tó fà á. Mo ti ra tẹmómítà, mo dúró kó tutù dé 43°C. Àṣé yógọ́ọ̀tì oníke tí kì í wọ fíríìjì ni mo fi ṣe irúgbìn, irú èyí tí wọ́n ń tò sínú oòrùn. Wọ́n máa ń tún irú ẹ̀ sè lẹ́yìn tó bá ti kan tán, kó lè pẹ́ lórí àtẹ. Kò sí alààyè kankan nínú ẹ̀ mọ́. Ó tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń mu ún pé mò ń ṣe ara mi lóore. Ṣúgà lásán ni mò ń dà sọ́fun.

Ọjọ́ kẹjọ

Ó dì! Inú fíríìjì ni mo ti mú irúgbìn lọ́tẹ̀ yìí, èyí tí kò ní ṣúgà. Wákàtí méje péré. Mo gbé abọ́ náà dẹ̀gbẹ́, wàrà náà sì ṣí kúrò lára abọ́ lódindi bí ẹ̀kọ tútù, omi aláwọ̀ ewé fẹ́rẹ́ sì dúró létí ẹ̀. Mo ki ṣíbí bọ̀ ọ́, ojú ibi tí mo gé dán.

Màmá mi tó wá láti Ṣakí tọ́ ọ wò, wọ́n fajú ro. "Wàrà wo ló kan báyìí? Ewé bọmubọmu ńkọ́?" Mo ní wàrà tàwọn ìyá Fúlàní dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí iná ni wọ́n ti ń fi ewé mú un dì, kò kan, iná náà sì máa ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú ohun alààyè ibẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣáà lọ wá ṣúgà wá.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún

Mo fi hóró oògùn kan tí bakitéríà Lactobacillus acidophilus wà nínú ẹ̀, tí mo tú, kún irúgbìn. Ìdí rèé. Kólẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe òróòro, òróòro a lọ bá wa tú ọ̀rá oúnjẹ nínú ìfun, ara a sì tún fa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ padà. Àwọn bakitéríà kan wà tó ń já òróòro yìí sí méjì. Èyí tí wọ́n bá já kì í rọrùn fún ara láti fà padà, ìgbẹ́ ló ń bá lọ. Ẹ̀dọ̀ á wá tún mú kólẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù látinú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣe tuntun. Bakitéríà méjì tó ń mú yógọ́ọ̀tì dì, bulgaricus àti thermophilus, kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ nínú ìfun. Acidophilus lágbára jù wọ́n lọ níbẹ̀. Ọ̀kan tí wọ́n tún ń yẹ̀ wò dáadáa, plantarum, inú ògì wa ló kún sí, ṣùgbọ́n ta ló ń mu ògì láìgbé e kaná?

Acidophilus yìí lọ́ra o. 37°C ló fẹ́, ó gbà tó wákàtí mẹ́rìnlá kó tó dì, ó sì rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹtàlá

Lábù: 214. Dókítà béèrè pé, "Kí lẹ ṣe?" Mo ní mo ti pa ẹran díndín tì, mò ń rìn lọ rìn bọ̀ lárọ̀ọ̀rọ̀, mo sì ń mu ife wàrà kíkan kan lójúmọ́. Méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ sínú fáìlì. N ò bá wọn jiyàn, torí èmi náà ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé wàrà ni.

Mo ti gbé ti alẹ́ yìí sínú kúlà láago mẹ́sàn-án. Irúgbìn kọkànlá rèé.