Ọgbà ẹ̀yìnkùlé ní Houston àti nílé: ooru bára mu, àsìkò ò bára mu

Àwọn ará ilé ò yé bi mí pé báwo lewédú ṣe ń hù ní Amẹ́ríkà, ṣebí yìnyín ló kún ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Amẹ́ríkà tóbi o. Houston tí mo ń gbé yìí, ní Texas, láti May títí wọ September, ẹ̀wù á ti lẹ̀ mọ́ yín lára kẹ́ ẹ tó rìn dé ìdí mọ́tò. Òjò náà ò fi bẹ́ẹ̀ jura lọ, ti Ìbàdàn lé ní 1,200 mílímítà lọ́dún, ti Houston náà lé. Àmọ́ ẹni tó bá torí ìyẹn ní kóun máa gbin nǹkan níbí bó ṣe ń gbìn ín nílé, ọgbà ẹ̀ á fún un lésì.

Nílé, òjò lọ̀gá. Tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti bọ́ sílẹ̀ ní March tàbí April, kálukú á gbé ọkọ́, ilá, àgbàdo, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbogbo ẹ̀ á wọlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wo kàlẹ́ńdà. Tó bá di ìgbà ọyẹ́, ẹni tí ò ní kànga tí ò sì súnmọ́ àkùrọ̀, á jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi. Níbí, òjò ń rọ̀ yípo ọdún, omi ẹ̀rọ náà wà, omi kọ́ ni wàhálà wa, òtútù ni. Kò pọ̀ o, alẹ́ mélòó kan láàárín December sí February ni, ṣùgbọ́n alẹ́ kan péré tí omi bá ti dì níta, ilá, ewédú àti ìbẹ́pẹ ti lọ nìyẹn. Ti February 2021 ló burú jù, ó já sí nǹkan bíi -10°C, iná lọ káàkiri Texas, páìpù ń bẹ́ nínú ilé àwọn èèyàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbogbo àdúgbò dúdú, igi ẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹ̀kọ tó ti ṣomi. Ìdí ẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀ ò kú ṣá, nígbà tí ilẹ̀ móoru ó tún yọ ọmọ. Àmọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń fẹ́ bí oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so kó gbó, òtútù sì lè dé bá a lójú ọ̀nà. Nílé ńkọ́? Ẹ ri ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn balùwẹ̀ níbi tómi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, ẹ gbàgbé ẹ̀, ó di ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí odidi ìtì lórí ẹ̀. Níbí, wọ́n ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e lóru.

Ibi tí Houston ti wá borí pátápátá ni ewédú, mi ò sì ń ṣàwàdà. Ewédú máa ń mọ gígùn ọjọ́. Tí ojúmọmọ bá kúrú, ó máa ń kánjú yọ òdòdó, á so, ewé ẹ̀ á di wẹ́wẹ́. Nílé, kò sígbà kankan lọ́dún tí ojúmọmọ fi bẹ́ẹ̀ kọjá wákàtí 12 àti ààbọ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í pẹ́ tẹ́ ẹ fọ́n ọn tẹ́ ẹ fi ń rí òdòdó yẹ́lò lórí ẹ̀. Ní Houston, tó bá di June, ilẹ̀ ń mọ́ fún wákàtí 14, ewédú ò ní rántí òdòdó rárá, á kàn máa ga, á máa yọ ẹ̀ka, ewé ẹ̀ á fẹ̀, ẹ á máa já a, á máa rú, títí ọjọ́ á fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Hóró ẹ̀ ṣáà le, nílé àti níbí: ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ omi tó ń hó, kẹ́ ẹ ka ení, èjì, dé márùn-ún, ẹ fà á jáde, ẹ sá a kó gbẹ kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ díẹ̀ ló máa hù. Ẹ má wá torí ẹ̀ di irúgbìn sínú báàgì láti ilé o, ó níwèé tó gbọ́dọ̀ bá a wá, tí ò bá sí, wọ́n á gbà á ní éápọ̀ọ̀tì.

Tòmátò lòdì sí ìyẹn. March ni wọ́n ń gbìn ín níbí kí wọ́n lè ká a ní May sí June, torí tí òru bá ti ń gbóná kọjá bíi 24°C, òdòdó á yọ á rẹ̀ dànù, igi á tutù yọ̀yọ̀ láìsí hóró kan lórí ẹ̀, àwa tá a ti ilé wá sì rò pé oòrùn July ló máa ń fẹ́. Nílé náà ṣebí òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ tòmátò wa ti ń wá, torí òru tibẹ̀ máa ń tutù nígbà ọyẹ́, ní ọ̀dọ̀ tiwa ọ̀rinrin àti àrùn kì í jẹ́ kó gbádùn.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni tẹ̀tẹ̀. Irú ẹ̀ kan wà tó ń da àwọn àgbẹ̀ olówùú Texas láàmú, wọ́n fín oògùn títí, oògùn ò ràn án mọ́. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, àmọ́ láwùjọ òwú, ọ̀tá ni.

Ní ti olè, nílé, ewúrẹ́ àti adìyẹ ni. Níbí, ọ̀kẹ́rẹ́ ni, á gé tòmátò jẹ lẹ́ẹ̀kan, á jù ú nù, á tún lọ gé òmíràn. Ewúrẹ́ ṣì lólówó tẹ́ ẹ lè lọ bá jà, ta lẹ fẹ́ lọ ká mọ́lé nítorí ọ̀kẹ́rẹ́?

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò lè bá wa fà nílé ni iwájú ilé ẹni, ẹni tó bá fẹ́ gbin àgbàdo dé ẹnu géètì, ó di tiẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò níbí, HOA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, ló ń pàṣẹ ohun tó gbọ́dọ̀ wà níwájú ilé, koríko tútù ni wọ́n fẹ́ rí, lẹ́tà wọn kì í sì í pẹ́ dé. Ẹ̀yìnkùlé nilá àti ewédú mi wà. Ewúro nìkan ni mo gbìn síwájú, mo ń rẹ́ ẹ dọ́gba dáadáa, wọ́n rò pé igi ẹ̀ṣọ́ ni.