Òṣùpá Wà Lẹ́yìn Yín

Kámẹ́rà ni mo fi ń jẹun l'Ábẹ́òkúta: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ. Lọ́jọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹsàn-án 2025, mo ní kí n lọ ya oníbàárà kan tí kì í náwó mọ́ mi lọ́wọ́. Òjìji ayé máa bo òṣùpá pátápátá lọ́jọ́ náà, á sì pọ́n bí epo.

Mo múra o. PhotoPills, áàpù àwọn oníkámẹ́rà, fa ìlà sórí máàpù, ó fi ibi tí òṣùpá máa gbà yọ hàn mí. Stellarium, áàpù tó ń fi ibi tí òṣùpá àtàwọn ìràwọ̀ wà lójú ọ̀run hàn, wà lórí fóònù mi. Mo tún wo àkókò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: 17:30 sí 18:52. Mo bá ní kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn mẹ́ta wá bá mi ní ọgbà ìgbafẹ́ kan n'Íbarà láago márùn-ún. Wọ́n gbé àga, wọ́n gbé kúlà.

Aago márùn-ún ààbọ̀ lù, oòrùn ṣì ń jó wa lórí. Ìgbà yẹn ni mo tó rí UTC kékeré kan, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ọ̀hún. Wákàtí kan ni aago Nàìjíríà fi ṣíwájú rẹ̀. Òṣùpá gan-an, ó di nǹkan bí aago méje kù díẹ̀ kó tó yọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. "Ó ti ń bọ̀," ni mò ń wí ṣáá.

Nígbà tó yá, mo gbé fóònù sókè. Stellarium ní òṣùpá ń bọ̀ lápá ibẹ̀ yẹn, lókè ògiri. Mo to gbogbo àga kọjú síbẹ̀, mo gbé kámẹ́rà lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ibẹ̀ náà ni oòrùn ń wọ̀ sí, ó ń tàn sára òrùlé páànù tó ti dógùn-ún, ó rẹwà gan-an. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé òṣùpá àrànmọ́jú àti oòrùn kì í gba ojú kan: bí ọ̀kan bá ń wọ̀ níwọ̀-oòrùn, nílà-oòrùn ni èkejì á ti máa yọ. Ojú mi ń wo oòrùn, fóònù ni mo gbà gbọ́!

Ó di aago méje ààbọ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. "Wọ́n ní òṣùpá ò gún, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá tó o kó tún un ṣe. Tìrẹ ò tiẹ̀ yọ."

Ìyá alágbàdo tó wà lẹ́nu géètì pè wá. "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí lẹ ń wò lọ́hùn-ún?"

"Òṣùpá ni, Mà."

"Òṣùpá kẹ̀? Ṣé kì í ṣe èyí tó wà lẹ́yìn yín yìí?"

Gbogbo wa yíjú. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó pọ́n bí ẹ̀yinná. Páọ̀ṣì fóònù mi ló ní òòfà, òun ló ń da kọ́ńpáàsì rú. Bí mo ṣe bọ́ ọ kúrò, òṣùpá inú fóònù sáré gba ẹ̀yìn mi lọ bí olè tí wọ́n ká mọ́.

Mo sáré gbé kámẹ́rà, ẹsẹ̀ irin kan há. Kí n tó tú u, ìkúukùu ti bò ó.

Ìyá alágbàdo na fóònù rẹ̀ tó ti fọ́ lójú sí mi. Ó ti yà á: ẹyin iná kan lókè, èéfín àgbàdo nísàlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi ránṣẹ́ sí mi, mo sì gbé e sórí status WhatsApp mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó pè mí. "Ọmọ mi, mo rí i o. Orúkọ mi dà?"