A rò pé Bàámi ń bínú ni

Ẹ okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí, Ìsánlú ni mo wà, ọ̀rọ̀ Bàámi ló gbé mi wálé.

Tíṣà ni wọ́n, gbogbo àdúgbò ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, kódà Màámi. Ìkọ̀wé wọn tẹ́lẹ̀, ẹ máa rò pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn mo rí i pé lẹ́tà wọn ti ń kéré, ìlà á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kó tó dópin á ti dà bíi pé èèrà ló ń tò lọ. A ní ojú ni, a ṣe gíláàsì tuntun, owó lọ.

Ojú wọn wá le. Bàámi aláwàdà yìí o! Mo gbé ọmọ tuntun wálé, mo gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n kàn ń wò ó bí ẹni ń wo ògiri, mo wọ yàrá lọ sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní torí ilẹ̀ tí òun tà ni, ó dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ojú ò tú ká. Odidi ọdún méjì la fi ń yọ́ rìn nínú ilé nítorí ìbínú tí kò sí.

Lóru wọ́n ń jà lójú oorun, wọ́n ń gbá Màámi nípàá, títí ìyẹn fi kó ẹní lọ pálọ̀, làwọn ará ilé bá ní tọkọtaya ti jà. Ìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n (tó bá wà jẹ́ẹ́ lórí itan ló ń gbọ̀n jù, tí wọ́n bá fẹ́ mú ife á rọlẹ̀ díẹ̀), ọ̀rọ̀ di wọ́n ti fi nǹkan ṣe Tíṣà. Iye tá a ná kiri lórí ìyẹn, n ò ní sọ ọ́, ojú ń tì mí.

A gba Ẹ̀gbẹ̀ àti Ọmù-Àrán dé Ìlọrin. Dókítà ní kò sí tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tó ń fi àrùn tóun ń fura sí hàn, ó ní kí wọ́n rìn, kí wọ́n kọ orúkọ wọn, ó ní ṣé wọ́n ń gbóòórùn. Bàámi ní ó tó ọdún mẹ́jọ tóun ti gbóòórùn irú kẹ́yìn. Màámi pariwo, "Tíṣà, ẹ ò sì sọ!" Dókítà ní àrùn Parkinson ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dopamine nínú ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀, òun sì lara fi ń rìn, òun lojú fi ń rẹ́rìn-ín. Ó ní inú wọn lè máa dùn kójú wọn má mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó bọ́ síta.

Levodopa, oògùn tó ń di dopamine nínú ọpọlọ, ni wọ́n ń lò, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ, torí ẹran àti ẹ̀wà máa ń bá a du ọ̀nà. Kò wo àrùn náà sàn o, ó kàn ń yá wa ní Bàámi fún wákàtí mélòó kan ni. Ẹnì kan ní ká wá èso wèrèpè, òótọ́ ni pé levodopa wà nínú ẹ̀, àmọ́ kí lẹ máa fi wọ̀n ọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ wọn á lẹ̀ mọ́lẹ̀ gbagidi, tẹ́ ẹ bá fà wọ́n wọ́n á ṣubú. Màámi ló fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, wọ́n á ní, "Tíṣà, ẹ sọdá ìlà," Bàámi á sì gbẹ́sẹ̀. Màámi yìí gan-an ni mò ń rò jù, gbogbo àlejò ló ń bèèrè Tíṣà, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń pín ọ̀sẹ̀ ṣe báyìí kí wọ́n lè ráyè lọ kọ́ọ̀yà.

Lánàá ewúrẹ́ kan wọlé gbé búrẹ́dì lọ, gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ mi wo ojú Bàámi, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń bínú ni?"

Ohùn wọn ti rẹlẹ̀ gan-an, a ní láti súnmọ́ ká tó gbọ́. "Rárá o," wọ́n ní, "ẹ̀rín ti fẹ́ pa mí."